Ó Ti Tó, Bá Mi Mú Oògùn Mi Wá

Màmá mi ti pé ẹni ọdún 86. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í sọ fún mi pé ayé ti tó àwọn. Wọn kì í fi ìbànújẹ́ sọ ọ́. Bí àlejò tó ti jókòó pẹ́, tó wá ń wo ibi tí bàtà rẹ̀ wà, ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. "Mo ti rí i tó. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè mí, mo ti múra."

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sọ ọ́ tán, mo dákẹ́, àwọn náà dákẹ́. Mo ń wá ohun tí ọmọ lè fi fèsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n tó rí i, wọ́n ti wo aago ara ògiri. Wọ́n ní, "Ó mà ti kọjá aago mẹ́jọ. Bá mi mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wá, kí n má lọ gbàgbé ẹ̀ lónìí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ní, "Màmá, ẹni tó ti múra ìrìn àjò, kí ni ẹ tún fẹ́ fi oògùn ṣe?" Àwọn náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Síbẹ̀, wọ́n lo oògùn náà, wọ́n fi omi tútù lé e.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, tí mò ń rò ó bọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń jiyàn lórí ikú, ẹ ó rò pé ìjà ẹgbẹ́ méjì ni. Ẹgbẹ́ kan ní kò sí àwáyé-ìkú, kí kálukú gba ohun tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ní ọjọ́ ogbó gan-an jẹ́ àìsàn bí àìsàn yòókù, kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dojú kọ ọ́ bí wọ́n ṣe dojú kọ ibà. Màmá mi wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ọkàn wọn sì balẹ̀.

Èmi náà ti ní ìdúró tèmi rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 17, mo kọ ọ́ sínú ìwé kan pé tí mo bá ti pé 60, ó tó mi. Mo rò pé ọ̀làwọ́ ni mo ṣe. Lójú mi nígbà náà, ẹni 60 ti parí ohun tó wá ṣe, ó kàn jókòó tó ń gbatẹ́gùn ni. Mo ti di ẹni ọdún 49 báyìí. Ọdún 11 péré ló kù kí n dé ìlà tí mo fà, mo sì ń wo ìlà náà bí ẹni tí àbúrò rẹ̀ lọ fi orúkọ rẹ̀ yáwó láì sọ fún un. Bí ẹ bá bi mí lónìí, màá ní 85. Mo fura pé bí mo bá dé 84, nọ́ńbà náà á tún ti sún.

Nítorí náà, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gba ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ń sọ pé òun ti gba ikú, gbọ́. Ikú ọ̀la ló gbà, kò tíì rí tòní.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ní ká gba kádàrá kì í fẹ́ rántí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ ikú. Ní 1796, Edward Jenner mú omi inú egbò ọlọ́mọge kan tó ń fún wàrà màlúù, ó fi gún ọmọkùnrin kan lápá kí ṣọ̀pọ̀ná má bàa mú un. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣọ̀pọ̀ná ti tán láyé. Àrùn tó ti ń pa ọba pa ẹrú láti ayébáyé, ó tán pátápátá. Mi ò tíì rí ẹni tó ní ká dá a padà nítorí pé ikú ló ń fún ayé ní ìtumọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún wo Semmelweis, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kan ní ìlú Vienna, ní Austria, ní 1847. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀. Níbi tí àwọn agbẹ̀bí wà, ìyá tó ń kú lẹ́yìn ìbímọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà, wọ́n ń kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Semmelweis fi ojú sí i, ó rí i pé àwọn dókítà ń ti yàrá tí wọ́n ti ń la òkú bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ àwọn abiyamọ, láì fọ ọwọ́ dáadáa. Ó ní kí wọ́n máa fi omi kílórínì fọwọ́. Ikú náà lọ sílẹ̀ gan-an. Ṣé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn bínú ni. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ búburú ló ń fa ibà tó ń pa àwọn abiyamọ náà, pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ni Semmelweis kú sí ní 1865. Àwọn abiyamọ tó kú ní wọ́ọ̀dù yẹn, ìka ọwọ́ dókítà ló pa wọ́n, kádàrá ni wọ́n sì kọ sí wọn lọ́rùn.

Ìtàn tó máa ń dá mi dúró jù ni ti Leonard Thompson. Ọmọ ọdún 14 ni, ní Toronto, ní oṣù kìíní 1922. Àtọ̀gbẹ tó máa ń mú ọmọdé ló ń ṣe é. Kó tó di ìgbà yẹn, ìtọ́jú kan ṣoṣo tó wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n máa febi pa á díẹ̀díẹ̀, kí ikú lè pẹ́ dé. Ọmọkùnrin yìí kò ju bí kílò 29 lọ mọ́. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì àkọ́kọ́, kò ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí oògùn náà kò tíì mọ́ tó. Wọ́n padà lọ sẹ́ oògùn náà mọ́ sí i. Ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà, wọ́n tún un gún, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá sílẹ̀. Ó tún lo ọdún 13 láyé. Ta ni ì bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá yẹn, láàárín abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì, kó sọ fún òbí rẹ̀ pé kí wọ́n gba fún Ọlọ́run?

Ní 1900, tí a bá pín ọjọ́ ayé gbogbo ènìyàn lágbàáyé dọ́gba, kò ju bí ọdún 32 lọ. Ó ti lé ní 70 báyìí. (Èyí kò sọ pé ẹni ọdún 32 ti di arúgbó láyé ìgbà náà o. Àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń kú ló fa nọ́ńbà náà wálẹ̀. Arúgbó wà, ṣùgbọ́n àwọn tó dé ibẹ̀ kò pọ̀.) Gbogbo wa tí a ń jiyàn yìí, orí ọdún tí ẹlòmíràn bá wa gbà lọ́wọ́ ikú ni a dúró sí tí a ń jiyàn.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ohun tí wọ́n ń wá báyìí yàtọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí a gba ọmọ ọdún 14 lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ, ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé ẹni 90 kò gbọdọ̀ rí bí ẹni 90.

Ní 1825, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Gompertz, oníṣirò tó ń bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣiṣẹ́, rí nǹkan kan nínú àkọsílẹ̀ àwọn òkú. Bí ènìyàn bá ti dàgbà tán, ewu pé yóò kú ń di ìlọ́po méjì lẹ́yìn iye ọdún kan, bíi gbèsè tí èlé rẹ̀ ń gorí èlé. Àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ lónìí fi í sí bí ọdún mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ẹni 38 rí i gẹ́gẹ́ bí ohun kékeré, nítorí owó tí èlé wà lórí rẹ̀ kéré. Tó bá fi máa di 86, ó ti di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìyẹn ìlọ́po 64. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi fi hàn pé bí a bá wo jẹjẹrẹ sàn pátápátá, gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, bí ọdún mẹ́ta péré ló máa kún ọjọ́ ayé wa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, mo tún un kà. Ọdún mẹ́ta! Ẹni tí jẹjẹrẹ kò bá pa, ọkàn ń dúró dè é. Tí ọkàn bá fi í sílẹ̀, ọpọlọ ń dúró. Bíi pé ènìyàn ń dí ihò òrùlé tó ti gbó ni: bó o bá dí ìhín, ọ̀hún á máa jò.

Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kan ti wá sọ pé ẹ jẹ́ ká fi ihò sílẹ̀, ká wo òrùlé fúnra rẹ̀. Kí ló ń gbó? Ṣé dandan ni kó gbó?

Mo rò pé dandan ni, títí mo fi kà nípa iṣẹ́ Cynthia Kenyon, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà. Ní 1993, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco ń ṣiṣẹ́ lórí aràn kan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gígùn rẹ̀ kò ju mílímítà kan lọ, tí kì í lò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ láyé. Wọ́n rí i pé àyípadà lára jíìnì kan ṣoṣo (jíìnì ni àṣẹ àjogúnbá tí ara ń tẹ̀ lé) sọ ọjọ́ ayé aràn náà di ìlọ́po méjì. Ó tún wá jẹ́ pé ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti wólẹ̀ tí wọn kò lè rìn mọ́, àwọn wọ̀nyí ṣì ń rìn kiri bí ọ̀dọ́. Jíìnì kan! Ó túmọ̀ sí pé ara kò kàn ń gbó bí irin ṣe ń dípẹtà. Nǹkan kan wà nínú ara tó ń pinnu bí yóò ṣe yára gbó tó.

Lẹ́yìn náà ni ti iyẹ̀pẹ̀ Rapa Nui, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì. Àwọn onímọ̀ láti Kánádà bu iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ ní 1964, wọ́n sì rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú rẹ̀ tó ń ṣe kẹ́míkà tí wọ́n sọ ní rapamycin. Ó di oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín rẹ̀, kí ara má bàa kọ tuntun náà. Ní 2009, àwọn olùwádìí fún eku ní oògùn yìí nígbà tí eku náà ti pé 600 ọjọ́, èyí tó jẹ́ bí ẹni 60 nínú wa. Àwọn eku náà pẹ́ láyé ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ kọ́. Àgbàlagbà eku ni.

Ní 2006, Shinya Yamanaka ní Japan fi jíìnì mẹ́rin péré dá sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà padà sí bó ṣe máa ń rí nínú ọlẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2012. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú omi tútù apá àríwá ayé, akurákudà kan wà tí wọ́n fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀ ní 2016 sí bí ọdún 392, tí kò sì lè kéré sí 272. Ẹja náà máa ń tó bí ọdún 150 kó tó bàlágà. (Mo ń fojú inú wo àwọn òbí rẹ̀: ọdún 150 tí ọmọ ò tíì gbọ́n.) Ẹ̀dá mọ bí a ṣe ń pẹ́ láyé. Àwa ni wọn ò kọ́.

Síbẹ̀, eku kì í ṣe ènìyàn, aràn kì í ṣe eku. Ẹni tó pẹ́ jù láyé nínú gbogbo àwọn tí a fìdí ọjọ́ orí wọn múlẹ̀ ni Jeanne Calment, ará Faransé, tí wọ́n bí ní 1875, tó sì kú ní 1997 ní ẹni ọdún 122. Láti ìgbà yẹn, pẹ̀lú gbogbo oògùn, gbogbo ẹ̀rọ, gbogbo owó, kò tíì sí ẹni tó kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá wá tà oògùn àìkú fún yín lónìí, ẹ rántí obìnrin yìí, kí ẹ fi owó yín sápò.

Àwọn tó ń kánjú ti wà tipẹ́. Qin Shi Huang, ọba àkọ́kọ́ tó so ilẹ̀ Ṣáínà pọ̀, rán ọkọ̀ sórí òkun kí wọ́n lọ wá ewé àìkú wá fún òun. Ó kú ní 210 ṣáájú ìbí Jésù, kò pé ẹni 50. Wọ́n ní oògùn tí àwọn oníṣègùn rẹ̀ fi májèlé mẹ́kúrì sí kún ohun tó pa á. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti Alexander Bogdanov ní Rọ́ṣíà. Kì í ṣe òmùgọ̀. Dókítà ni, onímọ̀ ni. Ó gbàgbọ́ pé bí àgbà àti ọ̀dọ́ bá ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, àgbà á lókun sí i. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìfàjẹ̀sínilára sílẹ̀ ní Moscow ní 1926. Ó fa ẹ̀jẹ̀ sára lọ́pọ̀ ìgbà, ó ní ojú òun ti ń ríran sí i. Ní 1928, ó pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà. Bogdanov kú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yè.

Mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ara rẹ̀ náà ló fi dán an wò, kò fi ti ẹlòmíràn nìkan.

Ká wá sí àwọn tó ní kí á má tilẹ̀ wá a. Àwọn kan ní àìkú yóò sú ni. Èyí kò wọ̀ mí létí. Ẹni tí ọdún 200 bá sú kò sí ìdè lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó lè kọ oògùn. Mo tún ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọdún 500 yóò sú òun kì í sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ti sú òun.

Ti àwọn tó ń di ipò mú ló ń já mi láyà. Max Planck, onímọ̀ físíìsì, kọ ọ́ pé òtítọ́ tuntun kì í borí nípa yíyí àwọn alátakò lọ́kàn padà. Àwọn alátakò náà ló máa ń kú tán, tí ìran tó mọ òtítọ́ yẹn láti kékeré yóò sì dìde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì, kí ni ká wí nípa ìjọba? Ọ̀pọ̀ ibi ló wà láyé tó jẹ́ pé ikú nìkan ni ìbò tó lè yọ ẹni tó wà lórí àga. Mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Ibi tí mo já sí nìyí: torí pé ẹnì kan kò fẹ́ dìde lórí àga, a ò lè ní kí gbogbo ará ilé máa kú kó lè kàn án. Ọ̀rọ̀ àga ni, àga ni ká tún ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò ní díbọ́n pé ìdáhùn yìí tẹ́ mi lọ́rùn tán. A ti ń gbìyànjú láti tún àga náà ṣe láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan, ikú ló ṣì ń bá wa ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Ní Japan, ọmọ tí wọ́n bí lónìí ń retí bí ọdún 84. Àwọn orílẹ̀-èdè wà tó jẹ́ pé kò tó 60. Kò sí sẹ́ẹ̀lì ìyanu kankan láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Omi tó mọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára, dókítà tó wà nítòsí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni. Ohun tí yóò fi ogún ọdún kún ọjọ́ ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wà ní ilé oògùn láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ pé olówó kan ń ná owó gọbọi lọ́dọọdún kí ara rẹ̀ lè dà bíi ti ọmọ ogún ọdún, mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n mi ò lè pè é ní ìjà ẹ̀dá ènìyàn pẹ̀lú ikú. Ìjà tirẹ̀ ni.

Ẹ sì wo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tó ti wà láti àwọn ọdún 1950, tó pọ̀ bí ilẹ̀. Nir Barzilai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi í dán bí 3,000 àgbàlagbà wò, bóyá ó lè dá àwọn àrùn ọjọ́ ogbó dúró lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wá owó ìwádìí náà kiri. Kò sẹ́ni tó máa jèrè lórí oògùn tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń sáré. Bí a bá ń sọ pé "sáyẹ́ǹsì fẹ́ ṣẹ́gun ikú", ká má gbàgbé bèèrè ta ló mú àpò owó lọ́wọ́.

Gbogbo èyí tí mo sọ, orí ni mo fi ń sọ ọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an kì í ṣe ikú tó yá. Mo mọ̀ ọ́n láti ara ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣarán. Obìnrin tó mọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ inú ẹbí lórí, tí kì í ka ìwé kí ó tó sọ ọ́. Orúkọ wa ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ojú wa, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ara wọn kò ṣe nǹkan kan. Ọkàn wọn ń lù dáadáa. Dókítà yìn ín. Ní ọdún kẹfà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n wò mí lójú tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ mà ń tọ́jú mi." Mo jáde, mo lọ dúró síta.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní ìtàn kan nípa Tithonus, ọkùnrin tí òrìṣà òwúrọ̀ fẹ́ràn. Ó bẹ olórí àwọn òrìṣà pé kí ọkùnrin náà má kú láéláé. Wọ́n fún un. Ó gbàgbé láti bèèrè pé kó má darúgbó. Ọkùnrin náà gbó, ó gbó, ó súnkì, títí ó fi ku ohùn lásán nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́. Kò sí irú àṣìṣe yẹn nínú àdúrà tiwa. Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdúrà "ẹ̀mí gígùn" kó sì dákẹ́ síbẹ̀; "pẹ̀lú àlàáfíà" ló máa ń tẹ̀ lé e, a kì í tilẹ̀ mọ ìgbà tí a ń fi kún un. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti rí nǹkan. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé láàárín iye ọdún tí ènìyàn ń lò láyé àti iye tó ń fi ara líle lò, bí ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án. Mo mọ bó ṣe gùn tó.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ń wá bí Jeanne Calment yóò ṣe di ẹni 150, màá kí i pé ó kú iṣẹ́. Ẹni tó bá sọ pé òun ń wá bí ọdún mẹ́sàn-án yẹn yóò ṣe di oṣù mẹ́sàn-án, màá bá a gbé àpótí. Lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Àwọn aràn Kenyon kò kàn pẹ́ láyé, wọ́n ń rìn.

Steven Austad àti Jay Olshansky, onímọ̀ méjì tó ń kọ́ nípa ọjọ́ ogbó, ta tẹ́tẹ́ kan ní 2000. Austad ní ẹni tí yóò dé 150 ọdún ti wà láyé ní àkókò yẹn. Olshansky ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kálukú fi $150 sílẹ̀, ọdún 2150 ni wọn yóò mọ ẹni tó jẹ. Àwọn ajogún ẹni tó bá jàre ni yóò gba owó àti èlé rẹ̀. Mo fẹ́ràn tẹ́tẹ́ yìí ju gbogbo àríyànjiyàn tó kù lọ. Ọkùnrin tó ní ènìyàn lè dé 150 kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ajogún òun ni kí wọ́n fún.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń padà sí: gbà. Ẹni tó bá gba ikú ti fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú ti já a gbà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà. Ó jọ pé ibi tí àríyànjiyàn yìí ti ń wọ́ ni pé a ń gbé iṣẹ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Gbígba ikú, ẹni tó fẹ́ kú ló ni ín. Nínú ọkàn rẹ̀ ló ti ń ṣe é, ní àkókò tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a ṣe é. Gbígbà lọ́wọ́ ikú, àwọn tó dúró tì í ló ni ín. Bí dókítà bá wá ní òun ti gba ikú lórúkọ aláìsàn òun, a ti rí irú rẹ̀ ní Vienna. Bí aláìsàn bá sì ní ó tó òun, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń já a gbà tipátipá, pẹ̀lú rọ́bà nímú àti rọ́bà lọ́wọ́, èmi náà ti rí ìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bi màmá mi léèrè tààrà. Mo ní, "Màmá, bí oògùn kan bá wà tó lè fi ọgbọ̀n ọdún kún ọjọ́ orí yín, ṣé ẹ ó lò ó?"

Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. "Pẹ̀lú orúnkún yìí?"

"Orúnkún náà á padà sí bó ṣe wà nígbà tí ẹ wà ní ogójì ọdún."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Nínú gbogbo àwọn tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí kí n tó lọ́kọ, ó ku ẹyọ kan. Ṣé òun náà á rí i lò?"

Mo ní ká sọ pé á rí i lò.

"Ó wọ́n?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Wọn ò tíì ṣe é."

"Ó dáa, tí wọ́n bá ṣe é tán, wá sọ fún mi. Mi ò ní mo fẹ́, mi ò ní mi ò fẹ́." Wọ́n nawọ́ mú káàdì oògùn wọn lórí tábìlì, wọ́n gbé e sókè sí iná, wọ́n sì ń fi ìka ka èyí tó ṣẹ́kù. "Ó ku mẹ́rin. Má jẹ́ kó tán pátápátá kó o tó rà á, o máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."